Àgbàdo Tí Ó Ti Bu Kì í Ṣe Oúnjẹ Adìẹ

Bí Ọ̀tà ti jẹ́ ìlú ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ ìlú adìẹ. Láti 1979, tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀ tí ó sì dá oko sí Ọ̀tà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ìlú náà mọ́ adìẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oko ńlá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, bí kò ṣe adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún tí òṣìṣẹ́ ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà.

Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ a fẹ́ omi wọ ilé adìẹ, omi mímu wọn a sì dà sílẹ̀. Èérún pákó tí a fi tẹ́ ilẹ̀ a rin gbindin. Kò ní pẹ́ tí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé yóò fi hù lórí rẹ̀ bí òwú. Ìbátan olú ni ohun yìí, ó sì ń tú èso tí ojú kò lè rí sínú afẹ́fẹ́. Bí òròmọdìẹ bá fà á símú, yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A na ọrùn, a la ẹnu, a máa mí gúlegúle, síbẹ̀ ẹ lè má gbọ́ ariwo kankan ní ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a sáré da tẹtirasaikilín sínú omi wọn. Owó òfò ni, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa á.

Èyí tí ó burú jù ni ti oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ máa ń wí pé, “Àgbàdo yìí ti bu, ẹ má sè é mọ́, ẹ dà á fún adìẹ.” Ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà lílọ̀ tí ó wá láti Brazil, tí ó sì ti bu, ni wọ́n jẹ. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ní Kenya ní 2004, ènìyàn 125 ni àgbàdo bẹ́ẹ̀ pa. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá bí ó bá ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B. Adìẹ tí ó jẹ ẹ́ kì í yé ẹyin dáadáa mọ́. Díẹ̀ nínú májèlé náà sì lè wọ inú ẹyin àti ẹ̀dọ̀ adìẹ náà, ẹ̀dọ̀ yìí gan-an tí a máa ń bù fún ọmọdé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé adìẹ ṣe, kí ó kọ́kọ́ kó adìẹ jáde, kí ó sì fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ dá a láṣà rárá. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ kí eruku má baà sọ, kí ẹ kó gbogbo èérún pákó náà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Ẹ má ṣe da tuntun lé ògbólógbòó. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ilé náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lo Jik tí a là mọ́ omi. Ẹ má da Jik lé ìgbẹ́ adìẹ, nítorí bí méjèèjì bá pàdé, èéfín tí ó léwu ni yóò jáde. Ẹ jẹ́ kí ilé gbẹ pátápátá kí ẹ tó tẹ́ tuntun.

Àwọn kan a fi ọ̀rá di gbogbo wáyà ilé adìẹ nítorí òtútù. Àṣejù ni, nítorí ooru omi kò ní rí ọ̀nà jáde. Ó sàn kí páànù òrùlé yọ síta dáadáa. Ẹ gbé àpò oúnjẹ lé orí pákó, kí ó má kan ògiri, ẹ má sì ra ju èyí tí wọn yóò jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà òjò. Oúnjẹ tí ó bá ti bu, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe gbé e fún ewúrẹ́, ẹ má sì ṣe gbé e fún pẹ́pẹ́yẹ, nítorí ó tètè ń pa pẹ́pẹ́yẹ ju adìẹ lọ.

Bí ibà, ikọ́ tàbí àìlèmí dáadáa bá mú ẹni tí ó tún ilé adìẹ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí ó ṣe fún un.