Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọmọlanke oúnjẹ tó ṣeé gbé ga, tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀

Ẹni tó ń din àkàrà tàbí dùǹdú lórí ọmọlanke mọ̀ pé ilẹ̀ ìgboro kì í tẹ́jú. Bí ọmọlanke bá fì, epo gbígbóná inú agbada náà á fì, ibẹ̀ ni ewu wà.

Ọ̀nà àbáyọ ni ẹsẹ̀ tó ṣeé fà gùn. Wẹ́dà á ki páìpù tó gbé táyà bọ inú páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ, á lu ihò sára méjèèjì. Ibi tí ihò bá ti pàdé lẹ ó ti irin bọ̀. Kẹ́ ẹ tó dáná, ẹ gbé àwo omi sórí ọmọlanke náà. Bí omi bá fì síbì kan, ẹ fa ẹsẹ̀ ìhà ibẹ̀ gùn sí i. Epo ò gbọdọ̀ sí lórí iná lásìkò yìí o!

Táyà ńlá ló ń gorí kòtò láìhá, abẹ́ ibi tẹ́rù ti wúwo jù ni kó wà. Bíréèkì náà ṣe pàtàkì, kí ọmọlanke má bàa yí lọ.

Bó bá jẹ́ gáàsì lẹ fi ń dáná, ẹ rántí pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi páànù dí ìsàlẹ̀ àpótí tí sílíńdà gáàsì wà pa. Kó dá ihò lu síbẹ̀, kí gáàsì tó bá jò lè ríbi jáde.