Bí Òǹgbẹ Sìgá Bá Ń Gbẹ Baálé Ilé

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ wọn pé, “Láti òní lọ, n kò mu sìgá mọ́.” Inú ìyàwó á dùn, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn ọmọ, oorun kò ní í kùn ún, yóò sì máa rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò ní òun fẹ́ ra nǹkan níta. Kì í pẹ́ tí imú ìyàwó fi ń mọ ohun tí ó lọ rà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹta yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ aya àti ìyá ọmọ sọ.

Ohun tí ó wà nínú ewé tábà tí ó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ ni a ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá sínú, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ni nikotíìnì náà fi ń dé ọpọlọ. Bí ó bá ti mọ́ ọpọlọ lára, ọpọlọ á máa bèèrè rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ti ń bèèrè ọmú. Nígbà tí a bá sì já a gbà, ara á ṣọ̀tẹ̀: ìbínú, orí fífọ́, àìróorunsùn, ebi àpàjù, àìlèyàgbẹ́ dáadáa. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òǹgbẹ sìgá, bí ó ti wù kí ó le tó, kì í dúró pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó ti ń lọ, yálà ọkùnrin náà mu sìgá tàbí kò mu ún. Kì í ṣe oṣù kan gbáko ni ẹ ó bá a jà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni.

Ìlú wa yìí kò ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1937 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọdún 2003 ni British American Tobacco sì ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ síhìn-ín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dé ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀ tàbí Challenge ní àṣálẹ́, kí ẹ wo bí wọ́n ti ń pa òfin náà mọ́. Wọn á ta ẹyọ kan, wọn á sì fi ìṣáná wọn tàn án fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹyọ kan yìí ni ó léwu, nítorí pé ẹni tí ó ti jáwọ́ kì í ra odidi páálí lọ́jọ́ kẹta.

Kí ni a lè fi di ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà? Ẹnu àti ọwọ́ ni kí ẹ wá iṣẹ́ fún. Pákò dára púpọ̀, nítorí pé ó gba ẹnu, ó sì gba ọwọ́. Omi tútù tí a ń mu díẹ̀díẹ̀ náà dára. Ẹ̀pà sísun díẹ̀, ọsàn tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ bó, kárọ́ọ̀tì láti ọjà Bódìjà, gbogbo wọn wúlò. Ẹ ṣọ́ra fún dòdò àti búrẹ́dì àjẹjù, nítorí pé ebi tí ó ń pa á yóò mú kí ó sanra kíákíá. Ẹ̀fọ́, ewédú àti ìbẹ́pẹ ni kí ó pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Obì ńkọ́? Káféènì wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú kọfí, sìgá sì máa ń jẹ́ kí ara tètè lé káféènì dànù. Bí sìgá bá ti kúrò, obì tí kò ṣe é ní nǹkan tẹ́lẹ̀ á wá máa lé oorun lójú rẹ̀, àyà rẹ̀ á sì máa já. Ẹ dín in kù.

Ìyá ìbejì kan ní Agbowó, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá kan, sọ ọgbọ́n tirẹ̀ fún mi. Bí ó bá ti rí i tí ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ tọ́ àpò ṣòkòtò, á ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa omi wá.” Kànga wà lẹ́yìn ilé. Kí korobá mẹ́ta tó kún, òǹgbẹ ti lọ. Kò dárúkọ sìgá rárá. Nínú yàrá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ọwọ́ ni èéfín náà ń bá jà jù, nítorí pé ó máa ń fa òtútù àyà àti ikọ́ fún wọn.

Ẹ fọ aṣọ ojú fèrèsé, ẹ sá aṣọ rẹ̀ sóòrùn, ẹ gbé àwo eérú sìgá jù nù. Òórùn nìkan tó láti jí òǹgbẹ. Ilé ọtí ojú Ring Road náà kò yẹ fún un ní oṣù yìí.

Ní ti ìbínú, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ líle pàdé rẹ̀, nítorí pé ara tí ń ṣọ̀tẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé wa: bí ọkùnrin bá gbé ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi ìyẹn ru sìgá.

Bí ó bá le jù, dókítà tàbí apòògùn lè fún un ní ṣingọ́ọ̀mù tí ó ní nikotíìnì. A kì í jẹ ẹ́ bí a ti ń jẹ ti àwọn ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Bí ó bá ti ń ta lẹ́nu bí ata, kí ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀, tí ó sì lóyún, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó lo oògùn kankan. Sìgá a máa dín ìwọ̀n ọmọ inú kù.

Bí ọkọ bá sì padà wálé pẹ̀lú òórùn ẹyọ kan lẹ́nu, ẹ má ṣe kà á sí pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ rọra bi í pé agogo mélòó ni, àti pé níbo ni ó wà. Lọ́jọ́ kejì, kí agogo náà tó lù, ẹ ti wá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún un.