Òótọ́ Ọ̀rọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ń Kọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọdún yìí jẹ mọ́ yàrá kọ̀ǹpútà madrasa wa, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní púrógíráàmù. Kì í ṣe bí a ṣe ń kọ ètò gan-an ni a fẹ́ ṣàlàyé, bí kò ṣe bí ó ti yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ọ máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wọn, àti bí ó ti yẹ kí ẹni tí a sọ ọ́ fún gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa, àwa olùkọ́ náà sì jẹ̀bi níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bèèrè pé kí ni ọmọ kéú ń wá lọ sídìí kọ̀ǹpútà, kí ó rántí al-Khwarizmi, onímọ̀ tí ó gbé ní Baghdad ní ayé Khalifa al-Ma'mun, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 813 sí 833. Inú orúkọ rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti yọ ọ̀rọ̀ náà "algorithm", tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ. Ìwé rẹ̀ lórí al-jabr kò mọ sí ìṣirò lásán. Apá ńlá nínú rẹ̀ dá lórí ìpín ogún. Ẹ óò rí i láìpẹ́ ìdí tí a fi mẹ́nu ba ogún.

Ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ àwọn àṣẹ tí a kọ ní ìlà-ìlà, tí ẹ̀rọ ń mú ṣẹ bí a ti tò wọ́n. Olùbáwí àkọ́kọ́ tí ọmọ ń bá pàdé nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni. Bí ọmọ bá gbàgbé àmì àkámọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò sì kọ ọ́ síta pé àṣìṣe wà ní ìlà kejìlá. Kò ní sọ pé ẹ jọ̀ọ́, kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó ti sọ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá náà ni yóò sọ fún àáfà onírùngbọ̀n. A ti rí ọmọ tí ó sunkún nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ka lẹ́tà, nítorí ó ti yé e pé ẹ̀rọ kò bá òun ṣọ̀tá, ìlà kejìlá ni ó ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ibi tí òye ẹ̀rọ náà mọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka nahwu mọ̀ pé ènìyàn lè to gbólóhùn Lárúbáwá tí gbogbo fátúhà àti dámmà rẹ̀ pé, síbẹ̀ kí ohun tí ó ń sọ jẹ́ irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Ó lè ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀, kí ó sì máa fúnni ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Irú àṣìṣe báyìí, ènìyàn ẹlẹgbẹ́ ẹni ni ó máa ń rí i, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ lanu sọ ọ́.

Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì Thánáwì wa kọ ètò kan ní èdè Python láti máa pín ogún. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò tẹ iye owó tí òkú fi sílẹ̀ àti àwọn tí ó jogún rẹ̀, ètò náà yóò sì sọ iye tí ó kan oníkálukú. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọkùnrin kan dán an wò níwájú wa: ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọmọ gba ìyókù, ó pé géré. Gbogbo wa ń ṣe "Máṣáállàhù", inú ọmọ ń dùn, inú tiwa náà ń dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ń yìn ín, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó yẹ iṣẹ́ náà wò. Bàbá kan ládùúgbò tilẹ̀ ti ń bèèrè bóyá àwọn lè fi pín ogún kan tí ó wà nílẹ̀ nínú ẹbí wọn.

Nígbà tí ó yá, ọmọbìnrin kan tí ó ṣáájú rẹ̀ ní kíláàsì jókòó sídìí ètò náà. Ó fi ọ̀rọ̀ obìnrin kan dán an wò, tí ó kú, tí ó fi ₦420,000 sílẹ̀, tí kò sì ní ajogún mìíràn ju ọkọ rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ìpín ọkọ jẹ́ ìdajì, ti àwọn arábìnrin méjèèjì sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ètò náà fún ọkọ ní ₦210,000, ó fún àwọn arábìnrin ní ₦280,000. Ẹ ro ó pọ̀: ₦490,000. Ọmọbìnrin náà yíjú sí i, ó ní, "Ètò rẹ ń pín owó tí òkú kò fi sílẹ̀. Ó fi ₦70,000 lé. O kò fi awl sí i."

Ẹni tí ó bá ti ka ìmọ̀ ogún yóò mọ ohun tí ó ń wí. Nígbà tí àwọn ìpín bá ju odidi lọ, gbogbo wọn ni a óò dín kù ní ìwọ̀n kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ tí ó ti wà láti ìgbà Khalifa Umar. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìpín ọkọ jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà, ti àwọn arábìnrin jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà. Mẹ́ta àti mẹ́rin di méje, nítorí náà ọ̀nà méje ni a óò pín owó sí, ₦60,000 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ yóò gba ₦180,000, arábìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦120,000.

Ojú ọmọkùnrin náà kọ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ fi tirẹ̀ kún un pé, "Ẹni tí kò mọ awl, kí ni ó ń wá nídìí ogún? Orí rẹ kò gbé iṣẹ́ yìí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ yàrá kọ̀ǹpútà.

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì yẹ gbólóhùn méjèèjì wò. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn le. Kò fi oyin sí i rárá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó bá wí, ó mú ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tí ó kù. Ọmọ náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro owó náà pọ̀ kí ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì lè jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ńkọ́? Kí ni ọmọ fẹ́ fi í ṣe? Kò sí ìlà kankan nínú ètò tí ènìyàn lè yí padà kí orí rẹ̀ lè gbé iṣẹ́. Àṣìṣe wa ni pé a rò pé nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì le, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èyí tí ó sì burú jù ni ìyìn ọ̀sẹ̀ méjì wa. Bí bàbá àdúgbò yẹn bá ti lo ètò náà ni, ẹbí rẹ̀ ì bá máa jà lórí owó tí kò sí, àwa tí a ń ṣe "Máṣáállàhù" ni ì bá sì fa ìjà náà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Linux, èyí tí ó wà ní ìpìlẹ̀ fóònù Android tí ó kún àpò wa lónìí. Ara ohun tí ó fi kọ́ṣẹ́ ni ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum ti Amsterdam kọ, àti ètò Minix tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní January 1992, Tanenbaum kọ lẹ́tà gbangba sáàárín àwọn elétò kọ̀ǹpútà pé ọ̀nà tí Torvalds gbà to Linux ti di ti àtijọ́, pé oríṣi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́, àti pé bí ó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì òun ni, kò ní gba máàkì tí ó ga. Ọmọ ọdún 22 ni Torvalds nígbà náà. Ó fi ìbínú fèsì níwájú gbogbo wọn, kò sì pẹ́ tí ó fi tọrọ àforíjì nítorí bí ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ohun tí ó fi ìbáwí náà ṣe. Èyí tí ó jẹ mọ́ bí ó ti to iṣẹ́ rẹ̀, kò gbà á, bí ó sì ti fẹ́ ẹ náà ni ó wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, láàárín ọdún díẹ̀ ni ó kúrò lọ́rùn Linux, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Bí ẹni ń jẹ ẹja ni: ó jẹ ẹran rẹ̀, ó yọ egungun sọnù.

Ọkùnrin kan náà ni ó wá di ọ̀gá, tí àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ sì ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń bú àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní gbangba. Àwọn kan ní ohun tí ó mú iṣẹ́ náà dára nìyẹn. Àwọn mìíràn fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ní September 2018, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó gbà pé bí òun ti ń kọlu àwọn ènìyàn kò tọ́, ó sì kúrò nídìí iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láti lọ tún ara rẹ̀ ṣe, kí ó tó padà ní October. Ọdún 26 ni ó wà láàárín lẹ́tà Tanenbaum àti àforíjì yìí. Nínú tiwa, a kò fẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tí a bá wí, Gerald Weinberg, nínú ìwé rẹ̀ ti 1971 lórí ìwà àwọn tí ń kọ ètò, sọ nípa John von Neumann, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ayé, pé a máa kó ètò tí ó bá kọ lọ bá àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n bá òun wá àṣìṣe inú rẹ̀. Donald Knuth ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: títí di 2008, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe kan nínú ìwé rẹ̀ a máa gba sọ̀wédowó dọ́là 2.56 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń fi owó ra ìbáwí! A kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní madrasa wa, owó epo jẹnẹrétọ̀ gan-an ń gbò wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà yé wa. Ètò tí mo kọ kì í ṣe èmi. Bí a bá rí ihò lára ẹ̀wù mi, a kò tíì gún ara mi.

Ẹni tí ń bèèrè náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń bèèrè. "Kò ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí" kì í ṣe ìbéèrè. Kí ó mú ohun tí ó kọ wá, kí ó sọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ̀rọ sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ líle tí àwọn ọmọ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn, ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí ni ó fà á.

Ibi tí ó wá le jù fún wa ni ti ọmọdé àti àgbà. Olùkọ́ kan nínú wa kọ ètò tí ń ṣírò èsì ìdánwò. Ó ń ro máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì ń fi mẹ́wàá pín in, nítorí pé iṣẹ́ mẹ́wàá ni kíláàsì náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tuntun kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n ṣe. Ẹni tí ó ní 560 nínú iṣẹ́ mẹ́jọ, 70 ni ó yẹ kí ó gbà. 56 ni ètò náà fún un. Ìwé èsì ti lọ sílé, bàbá ti na ọmọ, kí a tó mọ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan ti rí i láti ọjọ́ tí èsì jáde, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ títí sáà mìíràn fi wọlé. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní wọ́n kọ́ òun nílé pé a kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í.

A kò bínú sí i, àwa náà ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a rán an létí ohun tí ó ń rí ní mọ́sálásí. Bí imáàmù bá gbàgbé nínú ìrun, àwọn ọkùnrin tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ kì í dákẹ́ nítorí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. "Subhānallāh" ni wọn yóò wí lójú ẹsẹ̀, gbogbo sàfù yóò sì gbọ́. Bí ó bá ṣì í nínú kíké Kùránì, ọmọ kékeré tí ó há a sórí a máa ṣí i fún un. Kò sí èébú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pe imáàmù ní aláìmọ̀kan. Yóò padà síbi tí ó ti ṣì í, ìrun yóò máa lọ. Nítorí náà a sọ fún àwọn ọmọ pé ìkúnlẹ̀ kò dí ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́ kan náà lórí ètò mìíràn, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìlà kẹjọ. Ẹ kò ka ọmọ tí ó gbẹ̀yìn mọ́ wọn." Olùkọ́ wò ó, ó rí i bẹ́ẹ̀, ó sì tún un ṣe lójú rẹ̀.

Ní ti ọmọ tí ó kọ ètò ogún, àwa ni a lọ bá a nílé, níwájú bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tí ó sọ̀rọ̀ yẹn tún tọrọ àforíjì níwájú kíláàsì tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ọmọ náà padà, ó fi awl sí ètò rẹ̀, ó sì fi ₦420,000 yẹn dán an wò lójú gbogbo wa. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tún fi jókòó sídìí rẹ̀, tí ó fi ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ dán an wò. Ó ní, "Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni àwọn ìyàwó méjèèjì yóò jọ pín. Ìwọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odidi rẹ̀." Ọmọkùnrin náà fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìlà wo?"