Ọmọ eré kan ṣoṣo sọnù, ọjà bàjẹ́!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná. Bí ọmọ ayò kan bá sọnù nínú 48, kí lẹ máa ń ṣe? Ṣebí ẹ óò wá òmíràn fi dí i, ẹ óò sì máa ta ayò yín lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kó eré ogun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹyọ páálí kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ bá ti dín, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú, owó á sì já wálẹ̀.

Eré wo nìyí? Ó fara jọ lúdò, torí wọ́n ń ju dáìsì. Àmọ́ ojú ogun ni wọ́n yà sórí rẹ̀: odò, òkè, igbó àti títì. Páálí kéékèèké ni ọmọ ogun, wọ́n sì kọ nọ́ńbà agbára wọn sí wọn lára. Charles S. Roberts, ará Maryland ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú eré yìí di ọjà. Ó gbé Tactics jáde ní 1954, ó sì dá ilé iṣẹ́ Avalon Hill sílẹ̀ ní 1958. Ọdún yẹn náà ni Gettysburg jáde. Nígbà tó di 1961, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi ojú onígun mẹ́fà bí afárá oyin sí i. Ẹni tó bá ń wá ti 1958, ẹ má gbé ti 1961 fún un o!

OMI MÀKÀRÓNÍ

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni The Campaign for North Africa, tí ilé iṣẹ́ SPI gbé jáde ní 1979, lórí ìjà aṣálẹ̀ nígbà ogun Hitler. Máàpù rẹ̀ gùn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ọmọ eré rẹ̀ lé ní 1,500. Ẹ óò ka epo ọkọ̀, ẹ óò ka oúnjẹ, ẹ óò ka omi. Òfin tiẹ̀ ní kí ọmọ ogun Ítálì gba omi lé sí i, kí wọ́n lè rí fi se màkàróní! Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: SPI ti kógbá wọlé láti 1982. Ọmọ eré tó bá sọnù, ta ni yóò tún un tẹ̀? Ẹ lè fi ẹ̀dà dí i kí ẹ fi ta eré, àmọ́ ẹni tó ń kó ojúlówó jọ kò ní kà á kún. Ìdí nìyẹn tí páálí tí wọn ò tíì yọ ọmọ inú rẹ̀ rárá fi wọ́n jù. Eré tí ẹnikẹ́ni ò ta rí, òun lowó ń wá!

Ohun tó ń dunni ni pé bí baálé bá kú tán, ìyàwó àti ọmọ tí kò mọ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Ẹ̀wà ti dà pọ̀ mọ́ gaàrí nìyẹn. Ta ni yóò ṣà á? Ohun tí bàbá fi ogún ọdún kó jọ á di ohun à-fi-dáná.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní in, kó fi rọ́bà àti sẹ́lótéèpù sílẹ̀, torí wọ́n ń ba páálí jẹ́. Kó gbé e jìnnà sí ọ̀rinrin. Kó ka ọmọ rẹ̀, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó sì pe aya àti ọmọ kó fi hàn wọ́n nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni bàbá yín fi sílẹ̀ tí ẹ dà nù, tí ẹ wá ń kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.