Adìẹ Ọ̀dàn Tí Ó Run Lójú Àwọn Olùṣọ́ Rẹ̀

Nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ jẹ́ àgbẹ̀, a kò rò pé a lè rí ẹni tí àparò kò tíì mú bínú rí. Bí a bá gbin àgbàdo lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa ó ti lè débẹ̀ láti hú u jẹ. Síbẹ̀, oko tí a kò ti gbọ́ ohùn àparò mọ́ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nǹkan kan ti ṣe oko náà. Ẹyẹ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé yìí kì í ṣe àparò tiwa, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Ó wà nínú ìdílé àwọn ẹyẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní grouse, tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ olótùútù ní Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ̀, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n ń yé sí, iyẹ́ sì bo ẹsẹ̀ wọn nítorí òtútù. A mú ìtàn ọ̀kan nínú wọn wá nítorí pé kì í ṣe àìnáání ni ó pa á tán. Òfin wà, ilẹ̀ wà, olùṣọ́ wà. Ojú gbogbo wọn ni ẹyẹ náà fi run.

Heath hen ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí tí àwa yóò máa pè ní adìẹ ọ̀dàn. Ó tóbi ju àparò wa lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó adìẹ ìbílẹ̀. Ní àtijọ́, ó pọ̀ lọ salalu ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń sọ pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ a máa bá ọ̀gá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n má fi ẹran rẹ̀ bọ́ àwọn lójoojúmọ́. Ní ọdún 1791, ìgbìmọ̀ aṣòfin New York ṣe òfin láti dá ọdẹ lẹ́kun pípa á ní àkókò tí ó ń pamọ. Wọ́n ní nígbà tí alága ń ka àkọlé òfin náà, ó ṣì í kà, nítorí pé orúkọ ẹyẹ yìí àti ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún kèfèrí fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Ó ya àwọn aṣòfin kan lẹ́nu pé a wá ń ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn kèfèrí! Òfin wà nínú ìwé, ìbọn wà nínú ìgbẹ́. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1870, kò sí adìẹ ọ̀dàn kankan mọ́ níbòmíràn àfi ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní etí òkun ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí ẹyẹ náà ti ń gbé ayé rẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ti ń lọ, àwọn akọ a máa péjọ kí oòrùn tó yọ, sí gbangba kan tí koríko ibẹ̀ kúrú, ibì kan náà lọ́dọọdún. Wọn a na ìyẹ́ ọrùn sókè bí ìwo, wọn a wú àpò awọ pípọ́n bí ọsàn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn, wọn a máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kìkìkì, ohùn wọn a sì máa dún bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò. Àwọn abo a dúró wò wọ́n, wọn a yan èyí tí ó wù wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn akọ tí ó ń jó náà ni kì í rí aya.

Abo nìkan ni ó ń tọ́ ọmọ. A wọ inú ìgbẹ́ kúkúrú lọ, a yé nǹkan bí ẹyin méjìlá sórí ilẹ̀, a sì sàba lé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé. Àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu, nítorí náà kì í tètè fò. Bí ewu bá ń bọ̀, ńṣe ni yóò túbọ̀ lúgọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹyẹ yìí kò lè gbé inú igbó kìjikìji, kò sì lè gbé ibi tí ó ṣí sílẹ̀ gbalasa láìsí ibi ìsápamọ́. Ó ń fẹ́ gbangba fún ijó, ìgbẹ́ kúkúrú fún ìtẹ́, àti èso igi óákù kéékèèké fún oúnjẹ nígbà òtútù. Iná ni ó sì ń jẹ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, nítorí bí iná kò bá kan ọ̀dàn fún ìgbà pípẹ́, igi yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1908, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún adìẹ ọ̀dàn ní erékùṣù náà, wọ́n sì fi olùṣọ́ sí i. Nígbà náà, gbogbo èyí tí ó ṣẹ́kù ní ayé kò tó ọgọ́rùn-ún. Láàrin ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wo ijó wọn. Akọ̀wé tí ó bá rí ìṣirò yìí ní 1915 ì bá ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí pín èrè.

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1916, iná ṣẹ́ ní ibi tí àwọn ẹyẹ náà ń gbé. Bí ìgbẹ́ bá pẹ́ láìjó, ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ a kó jọ sí ìdí rẹ̀, iná tí yóò bá wá jó o kì í ṣe iná kékeré mọ́. Oṣù karùn-ún yìí gan-an ni àwọn abo wà lórí ẹyin. Wọn kò fò. Wọ́n lúgọ títí iná fi dé bá wọn. Àwọn akọ tí kò ní ẹyin lábẹ́ fò lọ. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iná kò pọ̀, akọ ni ó sì pọ̀jù nínú rẹ̀. Akọ ogún pẹ̀lú abo kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ abo ogún.

Òtútù líle tẹ̀ lé iná, ọ̀pọ̀ àwòdì ńlá sì ti ìhà àríwá wá gbé wọn. Wọ́n tún ń pọ̀ sí i díẹ̀ títí di nǹkan bí 1920, kí àrùn tó dé. Blackhead ni àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn náà, wọ́n sì gbà pé láti ara ẹran ọ̀sìn ni ó ti ràn wọ́n. Àwọn tí ń sin tòlótòló nínú wa yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n: kòkòrò tí ó ń fà á a máa wà nínú ẹyin aràn tí adìẹ ń yà sílẹ̀, ara adìẹ lè má fi hàn rárá, kí tòlótòló tí ó bá jẹ̀ ní ilẹ̀ náà sì kú.

Ní ọdún 1927, ó ku nǹkan bí méjìlá, abo méjì péré ni ó wà nínú wọn. Láti òpin 1928, ó ku akọ kan ṣoṣo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Gross, tí ó ti ń kọ ìtàn àwọn ẹyẹ wọ̀nyí láti ọdún mélòó kan, mú un ní 1931, ó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Akọ náà ṣì ń wá sí ibi ijó àtijọ́, òun nìkan. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1932 ni wọ́n rí i kẹ́yìn.

Àwọn kan a máa sọ pé ọdẹ ni ó pa ẹyẹ yìí. Lójú tiwa, ìbọn ni ó lé e dé erékùṣù, ṣùgbọ́n ohun tí ó pa á níbẹ̀ ni pé kò ní ibòmíràn. Ì bá ṣe pé agbo méjì tàbí mẹ́ta wà níbòmíràn, iná kan kì bá tí jó gbogbo wọn, a ó sì rí abo kó wá láti ibẹ̀. A rí ẹ̀rí èyí ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, prairie chicken, ti dín kù láti 2,000 ní ọdún 1962 títí wọn kò fi tó àádọ́ta ní 1994. Ẹyin wọn kò pa dáadáa mọ́, nítorí pé ẹbí ń gun ẹbí. Láti 1992 ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ wá láti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ṣì ti pọ̀, ẹyin sì tún bẹ̀rẹ̀ sí pa. Adìẹ ọ̀dàn kò ní ibi tí a ti lè kó irú rẹ̀ wá.

Ní ti iná, ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Scotland fún grouse tiwọn. Abala kéékèèké ni wọ́n ń sun lọ́dọọdún, kí ewéko tútù fún jíjẹ àti èyí tí ó ga fún ìsápamọ́ lè wà nítòsí ara wọn. A kò sọ pé ọwọ́ wọn mọ́. Torí kí wọ́n lè rí ẹyẹ yìnbọn pa ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àríyànjiyàn lórí iná náà àti lórí àṣá tí wọ́n ń pa sì mú kí ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ìwé àṣẹ ní 2024. Ṣùgbọ́n sísun ní abala dára ju kí gbogbo pápá jó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àparò náà ń yé sí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ tí oko wọn bá pààlà lè jọ yan ọjọ́, kí wọ́n ro ààlà iná yíká, kí wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ láìsun di ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí adìẹ tàbí tòlótòló rẹ̀ bá sì kú, kí ó gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, kí ó má ṣe jù ú sínú ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé.