Kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀: Ìtọ́jú tó yẹ aláìsàn nígbà ooru àti nígbà omíyalé

Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, odò Ọya kún àkúnya ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Omi ya wọ Kirkissoye, àdúgbò onírẹsì tó wà ní apá ọ̀tún odò náà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ nira fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀nà ilé ìwòsàn bá dí fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀mí rẹ̀ lè bọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Kíndìnrín ló ń sẹ́ ìdọ̀tí àti àpọ̀jù omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀, tó sì ń mú kí egungun le. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló sábà máa ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Bí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, aláìsàn lè nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni kí a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ìṣòro tó ń tẹ̀lé e

• Omi: Ẹsẹ̀ àti ojú á wú. Bí omi bá dé ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn kò ní lè mí dáadáa tó bá dùbúlẹ̀.

• Potassium: Èròjà yìí wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn àti tòmátò. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì.

• Àìtó ẹ̀jẹ̀: Ó ń fa àárẹ̀ àti òòyì. Abẹ́rẹ́ wà tó ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀.

• Egungun á máa dunni, ara á sì máa yúnni.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì yóò wọn ìwúwo àti ìfúnpá aláìsàn, kí ó lè mọ iye omi tó yẹ kó jáde. Bí omi bá yára jáde jù, ìfúnpá lè já wálẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ á sì máa fà. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣọ́ aláìsàn títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ojú iṣan tí dókítà so pọ̀ ní apá, níbi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, ṣe iyebíye. Ẹ fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́: ó yẹ kó máa gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọn ìfúnpá tàbí gba ẹ̀jẹ̀ ní apá yẹn, kí aláìsàn má sì sùn lé e.

Ìtọ́jú nílé

Ní oṣù Kẹrin, ooru Niamey máa ń kọjá 40°C, òùngbẹ kì í sì í mọ òfin dókítà. Ẹ bu iye omi tí dókítà yọ̀ǹda fún ọjọ́ kan sínú ìgò láàárọ̀. Bí ẹ bá mu tíì tàbí ẹ̀kọ, ẹ dín omi inú ìgò náà kù. Ẹ lè fi yìnyín díẹ̀ sẹ́nu. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, torí àwọn ló ń dá kún òùngbẹ. Ẹ gé iṣu àti ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi púpọ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ yẹra fún àgbo tí ẹ kò mọ ohun inú rẹ̀, àti oògùn ara ríro bíi ibuprofen.

Kí òjò tó dé

Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín léèrè ibi tí ẹ lè lọ bí ọ̀nà bá dí. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwúwo àti ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ yín sí ìwé, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú oògùn ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kan, ẹ ké sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì tètè dín omi, iyọ̀ àti èso kù. Bí èémí bá ń ṣòro tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.