Kí Owó Tó Kúrò Lápò: Ta Ló Ń Yàwòrán Nínú Kọ̀ǹpútà Àlòkù Yẹn?



Ìyá kan tó ń ta epo pupa bi mí ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ ń fi fóònù ká fídíò ìgbéyàwó àti òkú, ó wá fẹ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tí yóò máa fi gé e, tí yóò máa fi tò ó. Wọ́n rí méjì, iye kan náà. Wọ́n kọ Core i7 sára ọ̀kan, Core i5 sára èkejì. Màmá ní: "Ṣé 7 kò ju 5 lọ ni?"

Ẹ dúró ná. Kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ tó ń ṣírò. Ó tún ní ayàwòrán, òun ló ń ya gbogbo ohun tí ojú wa ń rí. GPU ni wọ́n ń pè é. Nínú fóònù ìgbàlódé àti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, inú ọpọlọ náà gan-an ni wọ́n kàn án mọ́. Kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Èyí tí ẹ bá rà ni ẹ ó lò títí.

Ayàwòrán inú i7 yẹn, Intel HD 4000 ni, ti ọdún 2012. Ti i5 yẹn, UHD 620 ni, ó jáde ní 2017. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní lè ká fídíò lọ́nà tí wọ́n ń pè ní H.265. UHD 620 mọ̀ ọ́n kà. HD 4000 kò mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ nìkan ni yóò máa fagbára gbé e, fídíò á wá máa dúró, á máa lọ. Fún iṣẹ́ ọmọ yìí, i5 yẹn ló yẹ.

Bákan náà ni fóònù. Ọ̀kan lè ní Adreno 610 ti Qualcomm, èkejì Mali-G52 ti Arm. Ẹ má sọ pé 610 ju 52 lọ. A kì í fi nọ́ńbà ilé kan díwọ̀n ilé mìíràn. Ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní fáànù: tó bá gbóná, á dín agbára ara rẹ̀ kù. Ẹ dán an wò fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn yìí o. Ayàwòrán yìí kò ní àmù tirẹ̀. Inú RAM ni òun àti ọpọlọ jọ ń bu omi. Tí òǹtajà bá ní 2 GB wà fún àwòrán nìkan, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ dxdiag, ẹ ṣí Display, tàbí Affichage bó bá jẹ́ Faransé. Ẹ ó rí orúkọ ayàwòrán níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ sí Shared Memory, inú RAM ló ti ń yá a. Fún gígé fídíò, 4 GB RAM kéré, ẹ wá 8.

Tó bá jẹ́ WhatsApp àti ìwé kíkọ nìkan lẹ fẹ́ ṣe, èyí kékeré náà tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ọ̀wọ́n fún yín.

Ẹ mú fídíò tí fóònù yín ká dání lọ sọ́jà, kí ẹ ṣí i níwájú òǹtajà. Màmá yẹn kò ta epo rẹ̀ kó lè fi ra 7 lásán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ kọ orúkọ ayàwòrán inú ẹ̀rọ yín wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.